Wọn Ò Sunkún, Wọn Ò sì Ríran

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Níbi òkú ni òwe náà ti wúlò jù. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yóò máa da omi lójú, yóò sì máa fi ojú kan náà wo ẹni tó wá bá a kẹ́dùn àti ẹni tó jẹ́ pé ìkòkò ẹ̀yìnkùlé ló wá bẹ̀ wò. Ohun tí àwọn àgbà kò rò tì í ni pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èèyàn yóò san owó gọbọi láti jókòó síwájú ìran gan-an, tí ẹ̀kán omijé kan kò ní sí lójú rẹ̀, tí ara rẹ̀ yóò dá ṣáṣá, tí ikùn rẹ̀ yóò kún, tí kò sì ní rí nǹkan kan. A ò lè bá wọn wí. Wọn ò dé pápá bọ́ọ̀lù ìlú Òyìnbó rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjà náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Oríṣi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà ní England lónìí. Èkíní ni èyí tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù. Èkejì ni èyí tí a fi ń jẹun níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Èkejì yìí ni wọ́n ń pè ní ìgbàlejò, òun ló sì wọ́n jù. Ẹni tó bá rà á kì í bá ẹlòmíì tò. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, kápẹ́ẹ̀tì ni yóò tẹ̀ wọlé. Á ti dé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó fọn fèrè, nítorí oúnjẹ ibẹ̀ kì í ṣe ti ìkánjú: wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìpanu wá, ẹran á tẹ̀ lé e, ohun dídùn á kádìí rẹ̀, wáìnì á sì máa ṣàn láàárín wọn. Bí wọ́n bá ti ń jẹun lọ, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tí irun rẹ̀ ti funfun á gba makirofóònù, á sọ ìtàn góòlù kan tó gbá wọlé nígbà tí bàbá àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ọdọọdún ni góòlù náà sì ń dára sí i. Kó tó ogún ọdún sí i, láti ẹnu ọ̀nà pápá ni yóò ti gbá a.

Lórí àga kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á tún fi ìwé ètò ìdíje ọjọ́ náà sí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná. A ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní àrà tó ń dá. Nígbà tí Arsenal kó kúrò ní Highbury lọ sí Emirates ní 2006, odidi ìpele ìjókòó kan tó yí pápá náà ká láàárín, bíi 7,000 àga, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́lá, wọ́n sì fi yàrá àdáni 150 lé e. Manchester City ṣe tiwọn ní 2017: dígí ni wọ́n fi ṣe ògiri ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà bọ́ sí pápá, kí àwọn tó ń jẹun lè máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò, tí wọ́n ń fa ìbọ̀sẹ̀ sókè. Ẹ gbọ́ o: fèrè ò tíì dún, kò sí ẹni tó tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ìdúró ni wọ́n ń tà yẹn. Kí mẹ̀kúnnù má sì rò pé wọ́n ya òun sọ́tọ̀, káńtà ọtí kan ṣoṣo tí Tottenham ṣe fún àwọn èrò gbogbo nínú pápá tí wọ́n ṣí ní 2019, mítà 65 ló gùn. Fulham, tó jẹ́ pé etí odò Thames ló jókòó sí, tó ní omi tó tó ó wò tẹ́lẹ̀, tún gbé ibi ìlúwẹ̀ẹ́ gun orí òrùlé ìjókòó tuntun rẹ̀. Èmi ò tíì rí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ tó ń mọ ọ́fúsáìdì.

Òfin pàápàá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1985 ni òfin kan ti wà nílẹ̀ ní England pé kí ẹnikẹ́ni má mu ọtí níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó pápá nígbà tí ìdíje bá ń lọ. Jàgídíjàgan àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà lórí bọ́ọ̀lù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣòfin náà, àmọ́ òfin ò wojú ẹni tó wọ kóòtù. Kódà nínú yàrá àdáni, láti ìṣẹ́jú 15 kí eré tó bẹ̀rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tó bá parí, ọtí ò gbọdọ̀ sí níbi tí a ti ń rí pápá. Ẹni tó bá fẹ́ mu nǹkan gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, kó wọ gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ ò kọjú síbẹ̀. Ìjọba ti gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú ọmọ aráyé láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn: ife tàbí ìran, mú ọ̀kan.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n mú. Bí rẹfirí bá fọn fèrè ìsinmi, àwọn ọlọ́lá á dìde bí ẹni tí iná jó nídìí, ó di inú gbọ̀ngàn. Fèrè abala kejì á dún, etí wọn ò ní sí níbẹ̀. Eré á lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á lọ fún mẹ́wàá, àga ṣì ṣófo lọ rẹrẹẹrẹ. Ní Wembley tuntun tí wọ́n ṣí ní 2007, àwọn ìjókòó pupa olówó ńlá tó wà láàárín yẹn hàn lórí tẹlifíṣọ̀n débi pé ẹni tó ń wò nílé á máa bi ara rẹ̀ pé, ṣé kò sí láburú?

Roy Keane, tó jẹ́ balógun Manchester United nígbà náà, ò lè pa á mọ́ra. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, lẹ́yìn tí wọ́n fi ayò kan ṣoṣo na Dynamo Kiev ní Old Trafford, ó ní àwọn kan ń wá síbẹ̀, wọ́n á mu ọtí díẹ̀, wọ́n á jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi edé sí láàárín, wọn ò sì mọ ohun tó ń lọ lórí pápá. Látọjọ́ náà ni búrẹ́dì oní-edé ti di èébú láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ gbọ́ èébú náà dáadáa, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bóyá edé nìkan ni wọ́n yọ.

Àwa Yorùbá ò lè fi èyí bú Òyìnbó jìnnà. Àwa náà mọ ilé ìnáwó tí ẹni tó ra aṣọ ẹbí ti ń gba ìrẹsì, tó ń gba ẹran ìgúnpá, tó ń gba bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke lọ sílé, tí wọ́n bá sì bi í pé òkú ta ni wọ́n sin, á ní òun ò mọ bàbá náà, aṣọ ló pe òun. Ìdí nìyẹn tí ara àwọn ọ̀gá tiwa fi tètè mọlé lórí ìjókòó ọlọ́lá. Ọ̀gá kan tí mo mọ̀ gbéra láti Lekki lọ sí London; owó tí ẹlòmíì yóò fi gba ilé ọdún kan ní Ìbàdàn ló fi ra àyè fún èèyàn mẹ́rin. Agbádá funfun ló wọ̀, ó wọ jẹ́sì sábẹ́ rẹ̀. Fídíò tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa ò kéré. A rí àwo, a rí ife, a rí ojú ọ̀gá láti apá ọ̀tún, a rí i láti apá òsì. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí gbogbo pápá fi dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí ariwo sọ gèè. Ọ̀gá ò yíjú. Àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ̀wé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgbádùn o. Ta ló gbá a wọlé?" Ọ̀gá fèsì pé, "Wọ́n ṣì máa fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá." Wọ́n ní ìran kì í wòran. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ta ló wá ń sunkún nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọn tó wà lẹ́yìn ilé góòlù ni, àwọn tí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ti ń wá síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kápẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, Liverpool ń gba Sunderland lálejò ní Anfield. Àwọn aláṣẹ ti kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù nínú ilé ìjókòó tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ yóò di £77. Nígbà tí eré wọ ìṣẹ́jú 77, bíi 10,000 èèyàn dìde, wọ́n kọrin, wọ́n sì jáde. Ayò méjì sí òdo ni Liverpool fi ń borí nígbà tí wọ́n ń lọ. Kí fèrè ìkẹyìn tó dún, Sunderland ti dá méjèèjì padà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbé £77 wọn jù síbi tí wọ́n ti rí i. Irú ẹkún báyìí ni mo ń wí. Àwọn tó jáde yẹn ń bínú, síbẹ̀ wọ́n mọ iye ìṣẹ́jú tó ti lọ, wọ́n mọ iye ayò, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ. Ẹ wá ní kí àwọn ọlọ́lá fi ìbínú jáde ní ìṣẹ́jú 77. Ta ni yóò mọ̀? Wọn ò tíì wọlé padà láti ìṣẹ́jú 45.

Ẹkún yìí náà ló mú kí Líìgì Premier fi gbèdéke £30 sí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn lọ sílé onílé, láti sáà 2016 sí 2017. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ẹkún ti tán, kò mọ àwọn tó ń ta bọ́ọ̀lù. Ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí sáà ti lọ dé àárín, Manchester United sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ di £66: ọmọdé ìbáà ni, arúgbó tó ti ń wá láti ayé Matt Busby, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àtijọ́, ìbáà ni.

Bí a bá tún fẹ́ rí ẹni tó ń ríran kedere, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jìnnà sí pápá náà jù. Níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, wọ́n gbé pátákó dúdú kan ti ògiri lẹ́bàá títì. Ẹfun ni wọ́n fi kọ ọ́: orúkọ ẹgbẹ́ méjì, aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀, iye owó ìwọlé. Ìwé ètò tiwọn nìyẹn, wọ́n á sì nù ún lálẹ́ láti fi kọ ti ọ̀la. Nínú, bẹ́ǹṣì ni. Ooru mú. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé. Bí iná bá já nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá pẹ́náríìtì, igbe tí yóò jáde níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á rò pé ilé wó ni. Síbẹ̀ ọmọkùnrin tó jókòó sí eteetí bẹ́ǹṣì yẹn, tí ìdí rẹ̀ kan ò fi bẹ́ẹ̀ kan igi, á sọ fún yín láìwo ìwé kankan ẹsẹ̀ tí Bukayo Saka fẹ́ràn láti fi gbá a, ọdún tí ẹni tó wà lẹ́yìn fi orúnkún pa, àti ìdí tí rẹfirí yìí kò fi fẹ́ràn wọn. Ó ń sunkún owó epo, ó ń sunkún iná, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi sunkún Arsenal. Ojú rẹ̀ ò kúrò lórí bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àga ọlọ́lá, níbi tí a fi ìwé sí.

Láyé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, páálí pelebe kan péré ni ìwé ètò jẹ́. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀ àti ibi tí kálukú yóò dúró sí. Kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn aṣọ nígbà náà. Ọdún 1939 ni Líìgì England tó sọ nọ́ńbà di dandan. Láìsí páálí yẹn, àwọn ọkùnrin méjìlélógún tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ ni èèyàn ń wò, kò sí bó ṣe máa mọ ẹni tó jẹ́ ta. Ẹni tó bá fi kọ́bọ̀ ra ìwé ètò, ojú ló rà. Yóò ká a sí méjì, yóò kì í bọ àpò, yóò fi pẹ́ńsù pa orúkọ ẹni tí kò wá rẹ́, yóò kọ ti ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sí i, yóò kọ iye ayò sísàlẹ̀ kó tó lọ sílé.

Ní 2013, ilé gbànjo Sotheby's ní London ta irú páálí bẹ́ẹ̀ kan ní £35,250. Ti àṣekágbá ife FA ọdún 1882 ni, tí Old Etonians fi ayò kan na Blackburn Rovers ní Kennington Oval. Mo fẹ́ yà díẹ̀ níbí, nítorí ìwé yẹn ní ẹ̀rín nínú. Àwọn Old Etonians yìí, ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Eton. Arthur Kinnaird tó jẹ́ balógun wọn wá di Lọ́ọ̀dù lẹ́yìn náà. Nígbà náà, ọlọ́lá ló ń sáré lórí pápá tí òógùn ń bò ó, tálákà ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wò ó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blackburn Olympic, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ wà nínú rẹ̀, na Old Etonians yìí kan náà nínú àṣekágbá. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ tálákà ti gba pápá. Àwọn ọlọ́lá rọra lọ wá àga.

Kí ló mú kí páálí kọ́bọ̀ di £35,250? Ẹ má wulẹ̀ rò pé ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó san irú owó yẹn láti mọ ẹni tó dúró sí apá òsì ní 1882. Àwọn tó sọ ọ́ nù ló sọ ọ́ di olówó iyebíye: ìwé tí wọ́n fi nu ọwọ́, èyí tí òjò pa, èyí tí ìyàwó ilé fi dáná. Ohun tó bá ṣẹ́kù lójú ẹyọ kan ló ń wọ́n. Nínú ọjà àwọn tó ń kó ìwé ètò jọ, òfin wọn ò nira: bí o bá ká a, owó já, bí pín-ìn-nì àárín rẹ̀ bá dípẹtà, owó já, bí o bá fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí i, owó já. Ìwé tó wọ́n jù ni ìwé tí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Kí ẹni tó ra òmíràn má sì sùn: ìwé ètò àṣekágbá Ife Àgbáyé 1966, tí wọ́n tà ní ṣílè méjì àti sísì lọ́jọ́ tí England na Jámánì, wọ́n ti tún un tẹ̀ léraléra débi pé ọ̀pọ̀ bàbá àgbà ló tọ́jú ẹ̀dà àtúntẹ̀ sínú àpótí irin bí ẹni tọ́jú góòlù, tó ń dúró de ọjọ́ tí yóò tà á kọ́lé.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn ẹgbẹ́ inú Líìgì EFL, ìyẹn ìpele mẹ́ta tó wà lábẹ́ Premier, dìbò pé kò pọn dandan mọ́ kí ẹgbẹ́ tẹ ìwé ètò. Fóònù ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtẹ̀wé ń kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sí gbèsè, n kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ní Premier, ìwé náà ṣì wà, ó tóbi, ó ń dán, ìpolówó ọjà ló sì kún inú rẹ̀. Lórí tábìlì ìgbàlejò, ọ̀nà méjì ni ayé rẹ̀ máa ń gbà lọ. Ẹni àkọ́kọ́ á gbé ife lé e. Ẹnì kejì, tó ti gbọ́ ìròyìn £35,250, á yọ ọ̀rá kan nínú àpò rẹ̀, á fi ìka méjì mú ìwé náà bí ẹni mú ẹyin, á rọra kì í bọ inú ọ̀rá láìṣí i. Méjèèjì ò kà á. Ẹnì kejì tiẹ̀ burú jù, nítorí ó mọ̀ pé kíka máa ń dín owó rẹ̀ kù. Kò mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn ti fi tiwọn sínú ọ̀rá bíi tirẹ̀, àti pé ohun tí gbogbo èèyàn bá tọ́jú, ọmọ ọmọ wọn ò ní rí ẹni tà á fún.

Àmọ́ ìwé méjì kan wà, ti Manchester United ní 1958, tí mi ò lè fi ṣẹ̀fẹ̀ púpọ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún náà, ọkọ̀ òfurufú tó ń kó wọn bọ̀ láti Belgrade dúró gba epo ní Munich. Nígbà tó fẹ́ tún gbéra nínú yìnyín, ó já. Èèyàn 23 ló bá a lọ, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló yẹ kí wọ́n gba Wolves lálejò, ìwé ètò ọjọ́ náà sì ti jáde nílé ìtẹ̀wé. Wọ́n sún eré síwájú, wọ́n sì ba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé náà jẹ́. Díẹ̀ tó bọ́ ni àwọn olùkójọ ń wá lójú méjèèjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń fi rà á. Ẹ tún gbọ́ o: ọ̀kan lára ìwé ètò tó wọ́n jù ní gbogbo bọ́ọ̀lù England, ti eré tí ẹnikẹ́ni ò gbá lọ́jọ́ náà ni, tí ẹnikẹ́ni ò sì wò.

Ìwé kejì jáde ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà, nígbà tí United kọ́kọ́ tún jáde sí pápá, wọ́n ń bá Sheffield Wednesday figagbága nínú ife FA. Busby wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Munich. Igbákejì rẹ̀, Jimmy Murphy, ló ń wá ẹni tí yóò fi dí àyè. Bill Foulkes àti Harry Gregg nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà nínú àwọn tó jáde láàyè nínú ọkọ̀ yẹn. Stan Crowther, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tó fọwọ́ sí ìwé pé òun di ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé ètò, kò sí ẹni tó mọ àwọn mọ́kànlá tí yóò jáde. Nítorí náà wọ́n fi àyè mọ́kànlá sílẹ̀ lófìfo. Orúkọ Sheffield Wednesday pé sí apá kan. Ní apá ti United, ìlà lásán ni. Bíi 60,000 èèyàn ló wà ní Old Trafford lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ lórí ẹ̀rọ, èèyàn á tẹ ìwé mọ́ orúnkún tàbí mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí àyè tó ṣófo. United jẹ ayò mẹ́ta sí òdo. Shay Brennan, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ló gbá méjì wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sunkún tó sì ríran rí lórí bọ́ọ̀lù, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Omi wà lójú, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́, wọ́n sì kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan síbi tó tọ́ sí i. Tó bá wá jẹ́ òfin ọjà ìwé ètò ni ká tẹ̀ lé, èyí tí àyè mọ́kànlá rẹ̀ ṣì ṣófo ló yẹ kó gbowó lórí ju èyí tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ọjà tó bá lè wo ìwé méjèèjì yẹn kó sì ní èyí tí kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí ló mọ́, ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Kí wọ́n kúkú tú un ká.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé o. Tesilimi Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní England ní 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà, tí wọ́n sì fi ayò márùn-ún sí méjì na ẹgbẹ́ Marine nítòsí Liverpool nínú ìdíje wọn àkọ́kọ́. Ó padà lọ, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní sáà 1956 sí 1957, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Líìgì wọn. Àwọn bàbá wa kan wà ní London nígbà náà, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́, wọ́n sì ń lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Bí ti ilé yín bá wà nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àpótí rẹ̀ wò kí ẹ tó kó ìwé inú rẹ̀ fún alákàrà àti ẹlẹ́pà. Bí ẹ bá rí ìwé ètò QPR kan níbẹ̀, tí ó ti ká sí méjì, tí bàbá fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ Balogun, ẹ má pa ìlà náà rẹ́. Bí ẹnìkan bá sì gbọ́ tó wá, tó mú owó àti ọ̀rá dání, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló gbá a wọlé lọ́jọ́ náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má tà á fún un.